Ohun Tá A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú

Ìkíni kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ dé òde ìnáwó, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríjókòó ni, ẹ ò tíì rómi mu, àǹtí kan tẹ́ ẹ ti rí kẹ́yìn láti ọdún méjì á ti na ìka sí yín: "Háà! O mà ti sanra o! Kí lo ń jẹ?" Bó bá wá jẹ́ pé ẹ rù ni, á ní: "Kí ló dé tó o gbẹ báyìí? Ṣé kò sí o?" Kò sí èsì tó bá ìkíni yìí mu. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní "ẹ ṣé mà," ẹ ó jókòó. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí wọ́n bá gbé síwájú yín lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní mọ adùn rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni wá, obìnrin mẹ́ta, ọkùnrin kan. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga la ti mọra, Ìbàdàn la sì jọ ń gbé títí di òní. Kò sí ẹni tí ìkíni yìí kò tíì bá nínú wa. Wọ́n ti pe méjì ní òróbó. Wọ́n ti pe ọkùnrin àárín wa ní lẹ́pa títí tó fi ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì léra wọn, kó lè dà bí ẹni tó lára. Ẹnì kẹrin bímọ lọ́dún tó kọjá. Láti ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n ti ń bi í pé ìgbà wo ni ikùn ẹ̀ máa padà, bí ẹni pé ikùn rìnrìn àjò.

Nítorí náà, yóga tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí kì í ṣe ti àwọn tó ń ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn ọrùn lórí Instagram. Yóga pẹ̀lẹ́ ni, èyí téèyàn lè ṣe lórí ẹní nínú pálọ̀ kó tó gbéra lọ síbi iṣẹ́. Ìbéèrè tó gbé wa débẹ̀ la fẹ́ bá yín gbé yẹ̀ wò: ṣé èèyàn lè gba ara rẹ̀ bó ṣe wà, kó sì tún máa tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni tó fẹ́ kó dára sí i? Àbí ọ̀kan gbọ́dọ̀ pa èkejì ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu Yorùbá. Tá a bá jí, "Ṣé ara le?" là ń béèrè. Ẹni tínú ẹ̀ dùn, ara ẹ̀ ló yá. Ẹni tó fura, ara ló fu ú. Ẹni tẹ́rù bà, ara ẹ̀ bù máṣọ. Ẹni tínú ń bí, ara ló ń kan án. Tí ikú bá mú ẹnì kan lọ láàárín wa, a ní ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ohun tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkàn, ara ni Yorùbá fi ń sọ ọ́.

Èyí tó wá yà wá lẹ́nu jù ni gbólóhùn kékeré yìí: "a fẹ́ràn ara wa." Ẹ wò ó dáadáa. Ó lè túmọ̀ sí pé kálukú wa fẹ́ràn ara rẹ̀. Ó lè túmọ̀ sí pé ẹnì kan fẹ́ràn ẹnì kejì nínú wa, ẹnì kejì náà fẹ́ràn rẹ̀ padà. Ó sì lè túmọ̀ sí pé ara yìí gan-an, ẹran àti egungun yìí, la fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni "a kórìíra ara wa". Èdè ò lè dá ẹjọ́ fúnni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́rìí. Ẹ̀rí tó jẹ́ níbí ni pé ẹni tó bá ń bú ara rẹ̀ níwájú dígí láràárọ̀, kò dájú pé ó máa mọ ibi tó ti yẹ kó dúró tó bá jáde síta pàdé ara ẹlòmíràn.

A ò fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ o. Oṣù kìíní ọdún ni, ìgbà tí gbogbo ayé ń ṣèlérí. A rí fídíò kan lórí YouTube tó ní ọgbọ̀n ọjọ́ péré lara wa máa fi yí padà. A lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri, à ń fi bírò pupa sàmì sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú wa fipá na ọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, iṣan kan fà lẹ́yìn itan ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ò fi lè gun àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ ẹ̀. Ẹlòmíràn ń ṣe tiẹ̀ láìjẹun àárọ̀, torí aṣọ ẹbí tí télọ̀ ti rán fún un, tó fẹ́ kó gba òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Òòyì kọ́ ọ lórí ẹní, ó ṣubú, ó forí gbá etí tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wá. Ohun tó kọ́kọ́ tẹnu ẹ̀ jáde nígbà tó lajú ni: "Ẹ má dúró, fídíò ò tíì parí."

A pa fídíò náà, a jókòó sílẹ̀. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé ta ló rán wa níṣẹ́ yìí gan-an.

Ilẹ̀ Íńdíà ni yóga ti wá. Ọ̀rọ̀ èdè Sáńsíkíríìtì ni, ó sì bá ọ̀rọ̀ síso-pọ̀ tan, bí ìgbà tí wọ́n bá fi àjàgà so màlúù méjì pọ̀ láti túlẹ̀. Ìwé àtijọ́ kan wà tí wọ́n ní Patanjali ló kọ ọ́, tó kó ọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 jọ. Nínú gbogbo ẹ̀, mẹ́ta péré ló dá lórí bí èèyàn ṣe máa gbé ara jókòó, ohun tó sì béèrè ò ju pé kí ìjókòó náà dúró ṣinṣin, kó sì tu ara lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ ikùn pẹlẹbẹ níbẹ̀. Kódà, kó tó dé orí ara rárá, ìwé náà ti kọ́kọ́ to ìwà tó yẹ kéèyàn hù sílẹ̀. Èyí tó ṣíwájú gbogbo wọn ni ahimsa: kéèyàn má ṣe ẹ̀dá ní jàǹbá. Ó wá kù sọ́wọ́ wa láti dáhùn: ṣé ara tiwa náà kì í ṣe ẹ̀dá ni?

Ọ̀kan lára àwọn tó gbé yóga ká ayé ni B.K.S. Iyengar. Ọdún 1918 ni wọ́n bí i, lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn ńlá yẹn, àìsàn ló sì bá dàgbà: ibà, táífọ́ọ̀dù, ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nígbà tí ìwé ẹ̀, Light on Yoga, jáde ní 1966, àwòrán tó wà nínú ẹ̀ ń dẹ́rù ba èèyàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ló sọ ọ́ di nǹkan gbogbogbòò pé kí wọ́n máa lo àga, bẹ́líìtì, búlọ́ọ̀kù onígi àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, kí àgbàlagbà àti aláìsàn lè rí ọ̀nà tiwọn gbà ṣe é. Dípò kó fi ara há inú yóga, ó gbé yóga wá bá ara.

Nígbà tá a mọ èyí, a wò yíká ilé. A ò ní bẹ́líìtì yóga, ṣùgbọ́n ọ̀já ìpọnmọ ń bẹ. Òun la fi ń kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ báyìí tá a bá dùbúlẹ̀, ká rọra fa ẹsẹ̀ wá sókè, ibi tó bá dé, kó dúró síbẹ̀. Ìró tá a ká mẹ́rin ló ń gbé orúnkún. Àga oníke ni alábàárìn ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Àwọn ìdúró náà, a fún wọn lórúkọ tá a lè pè láìrẹ́rìn-ín: òkè, igi, ológbò òun màlúù, ajá adoríkodò. Èyí tí wọ́n fi ń parí, téèyàn á dùbúlẹ̀ gbalaja, ìdùbúlẹ̀ òkú lorúkọ ẹ̀ lédè àwọn tó ni ín. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni ìyá ọmọ jòjòló fi dáhùn. Àwa ń pe tiwa ní "sinmi ná".

Màmá ọ̀kan nínú wa bá wa lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó wò wá títí, ó ní: "Ṣé kì í ṣe òrìṣà àwọn ará Íńdíà lẹ ń bọ lójú mi báyìí?" Ìbéèrè gidi ni, a ò fi ṣẹ̀fẹ̀. Inú ẹ̀sìn ni yóga ti jáde lóòótọ́. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ bá kọ̀ ọ́, kó fi í sílẹ̀, kó máa rìn yí àdúgbò ká láàárọ̀, ìyẹn náà dára. Àwa ò pe orúkọ òrìṣà kankan, bá a ṣe máa mí la mọ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí màmá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, tí bàbá tó ń gbé òdìkejì náà forí kanlẹ̀ níbi tó ti ń kírun, a kàn ń wò ni. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọkùnrin wa pé kó dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n kọ́ obìnrin wa pé kó kúnlẹ̀. Ọ̀wọ̀, ẹ̀bẹ̀, ọpẹ́, ara la fi ń sọ gbogbo wọn. Ó wá ku ẹnì kan tá ò tíì kí rí, ìyẹn ni ara tó ń bá wa kúnlẹ̀ láti ọjọ́ tá a ti dáyé.

Ẹ ó ní: ó dáa, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ lẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mọ́lẹ̀? Ìbéèrè yẹn tọ́, òun ló sì gba àkókò wa jù.

Ọ̀kan nínú wa lọ sílé ìwòsàn kan nítorí ikọ́ lásán. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n, ó tẹ nǹkan sínú fóònù, ó ní, "Àǹtí, nọ́ńbà yín ò dáa rárá," níwájú gbogbo èrò tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. BMI ni wọ́n ń pe nọ́ńbà náà. Ẹ mú ìwọ̀n ara ní kílò, ẹ fi gíga ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ga ní mítà 1.60, tó wọn kílò 80, tiẹ̀ á lé díẹ̀ ní 31. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Adolphe Quetelet, ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840. Kì í ṣe dókítà. Onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò ni, tó fẹ́ mọ bí ènìyàn àárín-méjì ṣe ń rí láwùjọ. Ní 1972, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fún un lórúkọ tá a mọ̀ ọ́n sí yìí. Nọ́ńbà náà ò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá. Ó wúlò láti fi wo ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ó sì lè jẹ́ kí dókítà mọ ibi tó yẹ kó wò sí i. Kò lè dájọ́ ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má parọ́ fúnra wa. Ìtàn nọ́ńbà kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa yìí padà lọ síbòmíràn, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ó ga gan-an. Dókítà fún un lóògùn, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó máa rìn. Ó ń lo oògùn náà títí dòní. Ìbéèrè wa ni pé, oṣù mélòó ló wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì? Mẹ́jọ. Oṣù mẹ́jọ ló fi sá fún ilé ìwòsàn, torí ojú ń tì í. Ẹni tó pe ìtìjú ní oògùn, kó wá ka oṣù mẹ́jọ yẹn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Ibí la ti rí i pé gbígba ara kì í ṣe pípa ojú dé. Ẹni tó ti gba ilé ẹ̀ ní ilé ló máa ń gòkè lọ dí ibi tó ń jò. Ẹni tó ń tijú ilé náà, ńṣe ló máa ń sun ilé ọ̀rẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní New York lọ́dún 1969, ẹ̀tọ́ àwọn tó sanra ni wọ́n ń jà fún: kí wọ́n rí iṣẹ́, kí dókítà gbọ́ wọn, kí wọ́n má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nígbà tí Jessamyn Stanley, obìnrin dúdú tó lára dáadáa ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ẹ̀ Every Body Yoga jáde ní 2017, ohun tá a rí kọ́ lára ẹ̀ ni pé ara kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tíńrín kó tó lẹ́tọ̀ọ́ sórí ẹní.

Ilé wa náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Àwọn àgbà ní Ọbàtálá ló ń fi amọ̀ mọ ara ọmọ ènìyàn, pé lọ́jọ́ kan ó mu ẹmu yó, ọwọ́ ẹ̀ ò sì tẹ iṣẹ́ mọ́ bó ṣe yẹ. Abuké, arọ, àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn tó ń sin Ọbàtálá kì í sì í mu ẹmu. Ìtàn náà dùn létí, àmọ́ ó ń kọ wá lóminú. Ó fi òrìṣà dáàbò bo ẹni tí ara ẹ̀ yàtọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ó ṣì ń pe ara ẹni náà ní àṣìṣe. Irú ààbò wo nìyẹn, tó fi àforíjì kún un?

Bẹ́ẹ̀ náà ni "ìwà lẹwà". Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí wọ́n máa ń sọ ọ́ fún. Wọn kì í sọ ọ́ fún arẹwà, àyàfi tó bá ti hùwà burúkú. Ẹni tí wọ́n rò pé kò rẹwà ni wọ́n fi ń tù nínú. A rò pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwà bá lẹwà lóòótọ́, a jẹ́ pé ìwà tá à ń hù sí ara wa náà wà nínú ẹ̀. Kò pọn dandan ká wo dígí ká sọ pé ara wa rẹwà. Ọjọ́ mìíràn wà tá ò ní gbà á gbọ́, irọ́ pípa ò sì dáa láàárọ̀ kùtù. Ohun tó pọn dandan ni ká má hùwà ìkà sí i. Èrò wa nípa ẹwà ara lè máa lọ máa bọ̀, ṣùgbọ́n ìwà ṣeé dì mú, kódà lọ́jọ́ tínú ò dùn.

Àwa náà ṣẹ̀, ká sọ tòótọ́. Nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn tá a bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wa ò wá mọ́. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ọmọ ń ṣe ibà. Oṣù méjì kọjá. Nígbà tá a lọ bá a nílé, ó dákẹ́ títí, ó wá sọ ọ́: lọ́jọ́ kan lórí ẹní, a ti yin ọ̀kan nínú wa pé, "O ti ń fọn o! Yóga ti ń ṣiṣẹ́!" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló mọ̀ pé òun ti sanra sí i lóṣù yẹn. Ó ní, "Mo wò ó pé ẹ ti ń wọ̀n mí, mi ò kàn tíì gbọ́ èsì tèmi ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọra. Àǹtí òde ìnáwó yẹn, inú wa ló wà. Ìyìn tá a ṣe, ìwọ̀n náà ni, a kàn fi oyin sí i. Ọ̀rẹ́ wa padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo wa ló máa ń tẹ́ ẹní ẹ̀ sí báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. A ò tíì bi í léèrè, a kàn ń fi àyè sílẹ̀ níwájú ni.

Látìgbà náà, bá a ṣe ń ṣe é rèé. A ti já kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri. Ẹni tó bá wá, a ní ẹ káàbọ̀. Ẹni tí kò wá lọ́jọ́ mẹ́ta, tó bá dé, ẹ káàbọ̀ náà la ó ní, a ò ní ṣe ìwádìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iná, tí ooru mú, tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń pariwo, márùn-ún tó. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù, tàbí tí ara ń ro, ó lè dùbúlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, iṣẹ́ tiẹ̀ náà nìyẹn. Lálẹ́, ẹni tó ti dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri fúngbà díẹ̀ kó tó jẹun. A ò sọ̀rọ̀ ara ẹnikẹ́ni lórí ẹní, ìbáà ṣe rere, àfi tẹ́ni náà bá sọ ibi tó ń dùn ún. Tí ohun kan bá sì ń ro wá kọjá bó ṣe yẹ, dókítà là ń wá, kì í ṣe fídíò.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi. Ẹni tó sáré lóṣù kìíní ti sùn lóṣù kejì. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, a sì ti wà lẹ́nu èyí fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, láìsí ẹni tó kà á. Ó dáa, ẹnì kan ń kà á. A máa bá a wí.

Lóṣù tó kọjá, a tún pàdé àǹtí yẹn lóde ìsìnkú. "O mà ti sanra o!" ló tún fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kúnlẹ̀, ó ní: "Ara le, mà. Ara tiyín ńkọ́?"

Àǹtí dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: "Orúnkún yìí ò jẹ́ n sùn, ọmọ mi."

A fa àga kan wá síwájú ẹ̀, a ká ìborùn lé e, a bá a gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lé orí ẹ̀. A ní kó rọra na ìka ẹsẹ̀ lọ síwájú, kó rọra fà á padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ń kà á lábẹ́ ètè. Nígbà tí wọ́n gbé ìrẹsì dé, ó ní ká jókòó ti òun, a sì jọ jẹun.